Àmì Èédú Lára Òpó

Òpó kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbẹ̀rẹ̀kòdó,
igi líle tí ikán kò rí jẹ.
Èédú ni màámi fi ń sàmì sí i
lálẹ́ ọjọ́ ìbí wa, lọ́dọọdún:
èmi lápá òsì, Fọlárànmí lápá ọ̀tún.
Ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín wa,
àti owó.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, òkúta là ń fọ́.
Màámi á jókòó sábẹ́ tapólì, òòlù lọ́wọ́,
èmi á máa ṣa wẹ́wẹ́ sínú garawa.
Ìlú abẹ́ àpáta ni wọ́n ń pe ìlú wa.
Àwa mọ̀ pé àpáta náà ń wọ ojú,
ó ń wọ imú, ó ń wọnú gààrí.
Gààrí láàárọ̀, gààrí lọ́sàn-án;
lálẹ́, bí tírélà bá ra òkúta, ẹ̀kọ.
Bí mo bá tọrọ ẹyin, Màmá Ìtòkò á ní,
"Ọmọ tó bá ń jẹyin á jalè."
N kò jẹ ẹ́. N kò sì ga.

Fọlárànmí pé oṣù méje nígbà tí Ìyáàfin Ṣódìípọ̀ dé,
rẹ́jísítà lábíyá, eruku wa lára bàtà rẹ̀.
Ó ka orí wa. Ó wo àjà tó ń jò.
Ó bèèrè iye ìgbà tí a ń dáná lójúmọ́.
Màámi rò pé ará owó-orí ni, ó fẹ́ purọ́;
ojú tì í, ó sọ òótọ́.

Lóṣù kẹta, wọ́n pè wá sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Aké.
Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà.
Akọ̀wé ní kó tún un tẹ̀, kó tún un tẹ̀:
òkúta ti nu ìlà ọwọ́ rẹ̀ nù.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.
Bàámi ní ká fi san àsanlẹ̀ ọ̀kadà.
Màámi kò dá a lóhùn,
ó ń so ó mọ́ eteetí ìró.

N kò ní purọ́ fún yín pé a di olówó.
Ìkòkò kan náà ni. Àjà ṣì ń jò.
Àmọ́ ẹyin wọlé, ẹyọ kan lójúmọ́, ti Fọlárànmí,
Màmá Ìtòkò sì kọjú sí ògiri kó má baà rí i.
Ẹ̀wà wọlé. Edé wọlé.
Ibà dé, a gbé e lọ sílé ìwòsàn kó tó di gìrì.
Ohun kan tún wà tí kò sí nínú rẹ́jísítà:
màámi kò jágbe mọ́ wa bíi ti tẹ́lẹ̀.
Nírọ̀lẹ́ á gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀,
"Kí ni ẹyẹ yẹn ń wí? Ta ló gbé òṣùpá sókè?"
Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń fọ abọ́.
Ta ló bi mí ní irú rẹ̀ rí?

Mo jowú. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.
Lọ́jọ́ kan mo jí ẹyin rẹ̀ jẹ
ní kọ̀rọ̀ balùwẹ̀, tèèpo-tèèpo.
Ẹ wá wò ó: ẹni tí kò jẹyin ló jalè.

Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà pé ọdún méje,
àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù màámi.
Mo kà á, mo kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kẹta.
Fọlárànmí gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á geere:
ètò náà ti parí, a dúpẹ́ fún sùúrù yín.
Ó gbójú sókè, ó ń retí ìyìn.
Màámi yìn ín.
Lẹ́yìn náà ló ń wá òòlù rẹ̀ kiri.

Lálẹ́, a wọ̀n ọ́n.
Ó fi ìka mẹ́rin ga ju àmì tèmi ti ọdún keje.
Màámi tẹ ọwọ́ sórí àlàfo náà:
"Wọ́n lè dá owó dúró.
Ta ni yóò wá gba ìka mẹ́rin yìí padà?"

Èmi náà fẹ̀yìn ti òpó.
Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wọ̀n mí.
Ọmọ náà gun orí garawa òkúta,
ó nawọ́, ó fa ìlà dúdú kan lókè orí mi,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró dáadáa.
Ẹ ṣì ń ga."